Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ìrù

Bí awakọ̀ òfurufú ológun bá papòdà ní Iléṣà tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, fọ́tò tó ti wọ yúnífọ́ọ̀mù ni àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ wá jáde, nítorí pé ẹni tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú ń dúró dè é. Mẹ́dàlì ló máa ń tẹ̀lé e. Ìwé fífẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ àpótí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí wọ́n fi ìlà pín inú rẹ̀ sí òpó tóóró-tóóró. Àwọn ará ilé á rò pé ìwé owó ẹgbẹ́ ni, wọ́n á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé yìí ni àwọn awakọ̀ ń pè ní logbook. Nínú gbogbo ẹrù bàbá mi, òun ni mo kà sí jù, òun náà ni mo sì máa ń ní kí àwọn ọmọ awakọ̀ mìíràn wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìtàn ẹnu máa ń dùn, ó sì máa ń yí padà. Fọ́tò lè jẹ́ ti ọkọ̀ tí bàbá kàn dúró tì fún ìṣẹ́jú kan. Ìlà kan nínú logbook ní ọjọ́, ó ní irú ọkọ̀, ó ní nọ́ńbà tó wà lára ìrù ọkọ̀ náà, ó sì ní iye wákàtí tí wọ́n fi wà lókè. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ewé òsì àti ti ọ̀tún jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ni. Apá òsì ni ọjọ́ oṣù máa ń wà, pẹ̀lú irú ọkọ̀, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, orúkọ ẹnìkejì rẹ̀, àti iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbéra. Apá ọ̀tún ni wákàtí wà: ti ọ̀sán, ti òru, ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan, ti ẹlẹ́ńjìnnì púpọ̀, àti ti ìgbà tí awakọ̀ kò wo ìta rárá, tó jẹ́ pé aago inú ọkọ̀ nìkan ló ń tẹ̀lé. Àròpọ̀ wà nísàlẹ̀ ewé, wọ́n á sì gbé e lọ sókè ewé tó kàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewé kan ti já dànù, ẹ wò ó bóyá àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ewé kan bá ti òkè ewé tó tẹ̀lé e mu. Bí wọn kò bá dọ́gba, ewé kan ti lọ, tàbí kẹ̀, awakọ̀ náà ṣìrò rẹ̀. Èyí kejì wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìparí oṣù ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jókòó kọ ọ́, nígbà tí ọ̀gá bá ti ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ wákàtí yìí ló máa ń da àwọn ọmọ láàmú jù. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì, tí nọ́ńbà méjì yẹn kò sì kọjá 59 rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin, wákàtí àti ìṣẹ́jú ni: 1.30 jẹ́ wákàtí kan àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn àmì, wọ́n pín wákàtí sí mẹ́wàá ni: 1.3 jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 18. Ẹni tó bá fi kákúlétọ̀ ro 1.30 pọ̀ mọ́ 0.45 yóò rí 1.75, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15 ni. Ìlà méjì péré, ààbọ̀ wákàtí ti wọ igbó. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú, kí ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tó fi 60 pín in.

Bí wọ́n bá kọ àkókò ìgbéra síbẹ̀, tí lẹ́tà Z sì wà níparí rẹ̀, àkókò Greenwich ni. Tiwa fi wákàtí kan ṣáájú, nítorí náà 0630Z jẹ́ aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ní Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti gbéra, DN níbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí Nàìjíríà. DNKA ni Kàdúná, DNKN ni Kánò, DNIB ni Ìbàdàn, DNAK ni Àkúrẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́ta kan: DNMM ni Èkó, DNMA ni Maiduguri, DNMK ni Makurdi. Bíírò tó ti ṣá lè sọ K di A lójú yín, ẹ ó sì gbé bàbá yín lọ sí Bọ̀rnó lọ́jọ́ tó wà ní Bẹ́núè.

Òpó iṣẹ́ kún fún ọ̀rọ̀ gígékúrú. GH ni pé wọ́n kàn gòkè lọ fi ọkọ̀ dárà, wọ́n yí i, wọ́n dà á, wọ́n tún un tò. CCTS ni pé wọ́n ń yí pápá po, wọ́n ń bà, wọ́n sì ń gbéra padà. IF ni ìfò tí aago ń darí. NAVEX ni ìrìn àjò tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń mọ ọ̀nà. FORM ni kí ọkọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fò pọ̀. Air test ni pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ni, tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dára. Awakọ̀ tí air test pọ̀ nínú ìwé rẹ̀, ẹni tí wọ́n fọkàn tán ni. Ẹ sì wá ibi tí wọ́n kọ first solo sí. Ìlà kékeré kan ni, wákàtí rẹ̀ kì í tó nǹkan, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dá nìkan gbé ọkọ̀ gòkè. Ṣáájú ọjọ́ náà, orúkọ olùkọ́ ló wà ní òpó ọ̀gá ọkọ̀. Kí ẹ má baà lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé bàbá ti di ọ̀gá ọkọ̀ láti oṣù àkọ́kọ́.

Ewé kan tún wà tí ọ̀gá ti máa ń buwọ́ lu iṣẹ́ awakọ̀. Bí ẹ bá rí average níbẹ̀, ẹ má bínú. Nínú iṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó mọṣẹ́ dáadáa, average ni wọ́n kọ fún wọn, wọ́n sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà ara wọn.

Orúkọ oyè náà ní pańpẹ́ tirẹ̀. Títí di àárín àwọn ọdún 1970, irú oyè tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ń jẹ́ ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà náà ń jẹ́. Bí lẹ́tà kan láti ọdún 1971 bá pe bàbá yín ní Major, kò túmọ̀ sí pé ó ti ṣe ológun ilẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n yí i padà, Captain di Flight Lieutenant, Major di Squadron Leader, Lieutenant-Colonel di Wing Commander, Colonel di Group Captain. Lára fọ́tò, ẹ ka ìlà tó wà léjìká tàbí lọ́wọ́ ẹ̀wù: méjì fún Flight Lieutenant, méjì pẹ̀lú tín-ín-rín kan láàárín fún Squadron Leader, mẹ́ta fún Wing Commander, mẹ́rin fún Group Captain. Ọ̀rọ̀ náà captain wá di ìṣòro gan-an, nítorí pé ó lè jẹ́ oyè àtijọ́, ó lè jẹ́ ọ̀gá inú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì lè jẹ́ ìdajì Group Captain tí ẹnì kan gé kúrú. Ọdún ni kí ẹ fi yanjú rẹ̀.

Ọdún náà ló ń sọ ọkọ̀ tó lè wà nínú fọ́tò. Oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ló sì ràn wá lọ́wọ́. Ará Jámánì kan, Gerhard Kahtz, ni ọ̀gá àkọ́kọ́, ará Jámánì mìíràn, Wolfgang Thimmig, ló tẹ̀lé e, kí George Kurubo tó gbà á lọ́dún 1966. Ọkọ̀ ìgbà náà ni Piaggio P.149D, Dornier Do 27 àti Noratlas. Nígbà ogun abẹ́lé, MiG-17, L-29 àti Jet Provost méjì wọlé, Il-28 sì tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn ogun, Bulldog di ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ní Kàdúná. MiG-21 dé lọ́dún 1975, Alpha Jet bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́dún 1981, Jaguar lọ́dún 1984, L-39 lọ́dún 1986. Ọdún 1991 ni wọ́n ti Jaguar tì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi Alpha Jet hàn yín pé ìgbà ogun abẹ́lé ni wọ́n yà á, ẹ dá fọ́tò padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Irú ọkọ̀ yẹn kò tíì fò rí níbi kankan láyé kí ó tó di ọdún 1973.

Nọ́ńbà ìrù a máa sọ ju irú ọkọ̀ lọ. Ẹ wo C-130 tiwa, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ti àwọn ọmọ ogun òfurufú: NAF 910 dé 918 (NAF ni ìkékúrú Nigerian Air Force). Àwọn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, 916 sí 918, fi mítà 4.57 gùn ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé irú tí wọ́n fà gùn ni wọ́n. Bí ẹ bá rí 917 nínú ìwé, ẹ ti mọ èyí tó wà, ẹ kò sì nílò fọ́tò. NAF 911 ló já lulẹ̀ ní Éjìgbò lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, kété lẹ́yìn tó gbéra ní Èkó tó ń lọ sí Kàdúná. Àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹnì kankan kò sì yè é. Éjìgbò ti Èkó ni o. Ẹ má gbé e wá sí Ejìgbò tiwa ní Ọ̀ṣun. Bí 911 bá wà nínú ìwé bàbá yín ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ yẹn gan-an ni ó wà, kì í ṣe irú rẹ̀.

Bí nọ́ńbà kò bá hàn, ìrísí ọkọ̀ ló kù. Èmi máa ń wo apá, kí n wo ẹ́ńjìnnì, kí n wo ara, kí n wá fi ìrù parí. MiG-17 ní ihò gbàgàdà nímú, apá rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, irin pẹlẹbẹ mẹ́ta sì dúró gbọọrọ lórí apá kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ méjì ni, MiG-15 ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn, oníjókòó méjì. MiG-21 náà ní ihò nímú, ṣùgbọ́n irin ṣóńṣó kan jókòó sí àárín ihò náà, apá rẹ̀ sì jẹ́ onígun mẹ́ta, tí etí iwájú rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan láti ìdí dé ṣóńṣó. F-7NI tí wọ́n rà ní Ṣáínà jọ ọ́ púpọ̀, àfi pé etí iwájú apá tirẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín. Ibi tó ṣẹ́ yẹn nìkan ni kí ẹ wò. Mo ti rí F-7 tí wọ́n kọ MiG-21 sí lábẹ́ débi pé mi ò ka àkọlé fọ́tò mọ́ kí n tó wo apá.

Ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin ló máa ń dàrú mọ́ra wọn. L-29 ní ìrù bíi lẹ́tà T, apá ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè téńté. L-39 àti MB-339 ní apá nísàlẹ̀ ara, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, àti táǹkì epo lẹ́nu apá, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń jọra. Ẹ wo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ti L-39 wà lókè, léjìká, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Ti MB-339 wà nísàlẹ̀, níbi tí apá ti so mọ́ ara. Alpha Jet yàtọ̀ sí gbogbo wọn: apá rẹ̀ wà lókè ara, ẹ́ńjìnnì méjì ló fara mọ́ ìhà rẹ̀ lábẹ́ apá, ìjókòó ẹ̀yìn ga ju ti iwájú lọ, apá kékeré ìdí ìrù rẹ̀ sì dorí kodò. Ti ọkọ̀ kéékèèké ìgbà ogun, táyà ni kí ẹ wò. Do 27 ní apá lókè, táyà kékeré rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrù. MFI-9B tí Carl Gustaf von Rosen, awakọ̀ òfurufú ará Sweden, kó wá fún Biafra lóṣù Karùn-ún ọdún 1969 ní apá lókè bákan náà, àmọ́ abẹ́ imú ni táyà kékeré tirẹ̀ wà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá ló ń gbé, ẹṣin agbára 100 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń gba Láagere kọjá lágbára jù ú lọ.

Kí ẹ tó gba fọ́tò kankan gbọ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n yí i padà nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́. Nọ́ńbà ìrù á kọ sẹ́yìn bó bá rí bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà kò bá sí, ẹ wo bọ́tìnnì: kóòtù ọkùnrin, apá òsì rẹ̀ ló máa ń bo ti ọ̀tún.

Àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òkè ńkọ́? Ọ̀nà tààrà tó ti Èkó lọ sí Àbújá kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń gbọ́ lókè orí yín, ọkọ̀ èrò ni. Èyí tó bá ga fíofío, tó ń fa ìlà funfun, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá wá sísàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ sáré jáde fún, ṣùgbọ́n ẹ má wo ibi tí ariwo ti ń bọ̀. Ariwo máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láti rin kìlómítà kan. Jẹ́ẹ̀tì tó wà ní kìlómítà mẹ́ta sí yín, tó ń sáré 700 kìlómítà ní wákàtí kan, á ti fi ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ ṣáájú kí ariwo rẹ̀ tó dé etí yín. Ẹ wo iwájú ariwo náà dáadáa, ní ìhà ibi tó ń lọ. Super Tucano kì í ṣe báyìí: fáànù ẹlẹ́wẹ́ márùn-ún ló wà nímú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń hó ni, kì í ya. C-130 ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ẹ ó ti máa gbọ́ ìró rẹ̀ tipẹ́ kó tó yọ lẹ́yìn òkè. Nígbà ọyẹ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, eruku á ti bo gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà: ibùdó àwọn ọmọ ogun òfurufú wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà Àkúrẹ́ sì ni gbogbo wa ń gbà. Ẹ má na fóònù sí ọgbà wọn. Official Secrets Act ti ọdún 1962 ṣì wà, ọmọ ogun tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò sì ní béèrè bóyá ọmọ awakọ̀ ni yín kó tó gba fóònù náà. Bákan náà, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọkọ̀ báyìí ń lọ síbi báyìí nísinsìnyí. Ọkọ̀ ogun abẹ́lé tí ẹnikẹ́ni lè fara balẹ̀ wò wà níta gbangba ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ ka irin orí apá MiG fúnra yín.

Ní ti ìtọ́jú ìwé, ohun kan ni mo máa ń pariwo rẹ̀: ẹ má láménéètì rẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ló ní ẹ̀rọ náà, mo sì mọ̀ pé ó máa ń dán. Iná ẹ̀rọ yẹn lè sọ irú pépà fáàsì àtijọ́ di dúdú lójú ẹsẹ̀. Gọ́ọ̀mù inú ike á wọ inú íǹkì, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ mọ́, omi tó bá sì wà nínú ìwé lọ́jọ́ náà á wà níbẹ̀ títí ìwé á fi bu.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun tó rọ̀ gbá eruku rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo píìnì tó ti dípẹtà, ẹ má fà á, ẹ tú ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kí ẹ tó yọ orí rẹ̀. Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má ṣí i. Láti orí gíláàsì náà ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù, ẹ fa òwú ìránṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti igun kan. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsù 2B ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bíírò á yọ sí iwájú.

Kí ẹ̀rọ sìkánà wà ní 300 dpi fún logbook, kó wà ní 600 fún fọ́tò. Bí ẹ bá rí fíìmù àtijọ́, èyí tí ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dúdú tí irun wọn funfun, ẹ má jù ú nù, ó ní ohun púpọ̀ nínú ju fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ láti ara rẹ̀ lọ. 2400 dpi ni kí ẹ fi ṣe é, ó kéré tán. Ẹ fi TIFF pamọ́, kí ẹ ṣe JPEG fún àwọn ẹbí. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, nítorí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, nọ́ńbà ìrù ni yóò kọ́kọ́ parẹ́. Ẹ fi ọdún ṣáájú nínú orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, kí wọ́n lè to ara wọn.

Àpótí irin ló dára jù nítorí ikán. Ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́fà, kó má fara kan ògiri. Ẹ kó àwọn àpò kékeré inú bàtà tuntun àti ike oògùn tó ń fa omi sínú rẹ̀. Ẹ má lo ìrẹsì bí àwọn kan ṣe ń sọ, kòkòrò ni ẹ ń pè. Káńfọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan fọ́tò. Nígbà ọyẹ́ ni kí ẹ máa ṣí àpótí náà kó gba afẹ́fẹ́, nínú ilé, kì í ṣe nínú oòrùn. Aṣọ ìfò rẹ̀, ẹ má fi sítáàṣì sí i, ẹ má sì lọ orí báájì. Akoto rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń dé ṣeré: fóòmù inú rẹ̀ ti ń dà bí eruku, rọ́bà ìbomú rẹ̀ ti le. Bí ẹ bá sì rí ọta, tàbí irin kan tí ẹ kò mọ̀, tí àwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò yí i ká, ẹ má gbé e, ẹ má gbọ̀n ọ́n wò. Ẹ ti yàrá náà, kí ẹ pe àwọn ọlọ́pàá tó ń tọ́jú àdó olóró.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá tó ṣì wà láyé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe é lódì: wọ́n á kọ́kọ́ lọ, wọ́n á ní "Dádì, ẹ sọ̀rọ̀ nípa bàbá wa fún wa." Ìdáhùn tí wọ́n á gbà ni pé ènìyàn dáadáa ni. Ẹ mú ìlà kan dání. "Ẹ jọ̀ọ́ Sà, lọ́jọ́ 14 oṣù Keje, NAF 913, Èkó sí Kánò, orúkọ yín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Kí ni ẹ gbé?" Àgbàlagbà tó ti ní òun gbàgbé gbogbo rẹ̀ á bèèrè gíláàsì rẹ̀. Ẹ béèrè nǹkan ọwọ́: ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tanná sí, ọkọ̀ wo ló ṣòro láti gbé balẹ̀ nígbà òjò, kí ni wọ́n máa ń jẹ kí wọ́n tó gbéra. Ìbéèrè nípa akọni kì í mú nǹkan jáde. Bí ó bá sì ní kò sí mọ́, ẹ dìde, kí ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ má ṣe é bí òṣómàáló ṣe ń ṣe onígbèsè.

Ẹ gbé fóònù tó ń gbohùn sílẹ̀ lé aṣọ tí ẹ ṣẹ́ po, kí ó má gbọ̀n pẹ̀lú tábìlì. Ẹ pa fáànù, kí ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì tan flight mode. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ìpè kan lè gé àárín ìtàn.

Bí ó bá wá wù yín láti gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, arère ni pákó tó dára jù nílẹ̀ wa fún un. Ó fúyẹ́, ó gbọ́ ọ̀bẹ, kì í ya bí ẹ bá tẹ̀lé ojú igi. Ẹ ní kí onípákó fún yín ní èyí tó gbẹ, tí kò ní kókó. Ìwọ̀n 1/72 ni mo fara mọ́, torí pé ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù: ẹ sọ fífẹ̀ apá ọkọ̀ di sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi 72 pín in. MiG-17, mítà 9.63, di sẹ̀ǹtímítà 13.4. MiG-21, 7.15, di 9.9. Alpha Jet, 9.11, di 12.7. Jaguar, 8.69, di 12.1. C-130, 40.4, di 56.1, èyí tí kò ní wọ kọ́bọ́ọ̀dù kankan. Fífẹ̀ apá ni kí ẹ fi wọn ohun gbogbo, ẹ má fi gígùn ara wọ̀n ọ́n. Ìwé kan á ka abẹ́rẹ́ gígùn tó wà nímú jẹ́ẹ̀tì mọ́ gígùn rẹ̀, ìwé mìíràn kò ní kà á.

Ẹ gbẹ́ ara àti apá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ojú igi apá sì lọ láti ẹnu kan dé ẹnu kejì, kì í ṣe láti iwájú sẹ́yìn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e. Sáńpépà 120 ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ bọ́ sí 240, kí ẹ fi 400 parí. Kí ẹ tó di imú rẹ̀ pa, ẹ ki òjé díẹ̀ sí i, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Bí ẹ kò bá ṣe é, ìrù ni yóò fi jókòó. Àmì òbìrìkìtì ara apá jẹ́ àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Ẹ kun funfun gbogbo rẹ̀ ná, kó gbẹ, kí ẹ tó kun àwọ̀ ewé sí àárín àti sí etí, nítorí pé funfun kì í bo àwọ̀ ewé dáadáa.

Fáníìṣì ló kẹ́yìn, ìgbà tí ẹ bá sì kùn ún ṣe pàtàkì. Láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, ọ̀rinrin Iléṣà pọ̀ débi pé fáníìṣì tí ẹ fọ́n á funfun bí èérú lójú. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi òmíràn bò ó. Ẹ dúró de ọ̀sán tí òjò kò rọ̀, kí ẹ fọ́n tínà díẹ̀ sí i láti òkèèrè, tẹ́ẹ́rẹ́, funfun náà á wọlé.